Àwọ̀n Tí Wọ́n Fẹ́ Àdúà Sí

Òkè-Ògbó,
Ilé-Ifẹ̀.
15 oṣù Kejì, 1987.

Ràbíátù Àníkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Ọlátúnbọ̀sún, mo sì kí ẹni kẹta tí ẹ kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé òtútù Leeds kò tíì jẹ ọ́ ní ìka tán? Níbí, ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi ìwé Yorùbá fẹ́ ara wọn dípò kí wọ́n kà á.

Nígbà tí mo kà á pé o ti lóyún, n kò lè jókòó, n kò sì lè dìde. Mo dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìwọ nìkan ni mo bí láyé. Ọdún keje tí mo wọlé bàbá rẹ ni mo tó rí ọ, abẹ ni àwọn dókítà sì fi gbé ọ jáde. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ pé wọ́n la ìyàwó òun. Ó ní kí n máa sọ pé wẹ́rẹ́ ni mo bí. Wẹ́rẹ́ yẹn náà ló kù tí mo ń jìyà rẹ̀ yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wà lọ́kàn mi: èmi ni n ó wẹ ọmọ náà. Bó bá di oṣù Kẹsàn-án, n ó gba ìsinmi lọ́wọ́ hẹdimásítà, n ó wọ bàálù, n ó wá gbé omi kaná, n ó sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi, kó wá bá mi jà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti ń fi pa mọ́ fún ọ. Ojú àpá ibi tí wọ́n gbà gbé ọ jáde ti là láti bí ọdún mẹ́ta. Awọ òde kò là, ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló là. Bí mo bá dìde tàbí tí mo bá wúkọ́, ìfun á tì jáde síbẹ̀, á sì wú. Nígbà kan ó tó ọsàn, nísinsìnyí ó ti tó àgbọn tí wọ́n bó. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á padà wọlé. Dókítà Fáníyì tó ń tọ́jú mi ní ọsibítù pè é ní hẹ́níà. Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́ ni mo ń gbà mọ́ ikùn lábẹ́ ìró kó má baà yọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ti ń sọ láàárín ara wọn pé tíṣà àwọn lóyún, èmi ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Dókítà ní òun á là á, òun á fa ẹran ọ̀tún àti tòsì pàdé, òun á sì fi òwú náílọ́ọ̀nù rán wọn mọ́ra. Mo ti sọ fún un pé ìsinmi Ísítà ni mo fẹ́. Á jinná kí oṣù Kẹsàn-án tó dé. Má bínú pé n kò tètè sọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú rẹ̀ sínú ìwé.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù Àtọ́kẹ́.


Leeds.
8 oṣù Kẹta, 1987.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, ọkọ mi náà dọ̀bálẹ̀. Ara wa le. Èébì àárọ̀ nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ọdún mẹ́ta, Màámi. Mo wálé lọ́dún 1985, orí ibùsùn kan náà la jọ ń sùn, ẹ kò sọ. Mo rántí pé ẹ kì í tú ọ̀já yẹn. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn yín ni. Ó dùn mí gan-an pé ẹ fi mí ṣe àlejò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n rán an. Ẹ mọ̀ pé wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo wà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibùsùn ni mo ń tẹ́, tí mo sì ń gbé oúnjẹ fún wọn. Mo ti rí obìnrin kan tí wọ́n rán irú rẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì tún ya. Mo bi dókítà àgbà wọ́ọ̀dù wa. Ó ní ẹran tó bá ti là lójú àpá kò lágbára mọ́. Bí wọ́n bá fi tipátipá fà á pàdé, ọjọ́ tí ẹni náà bá gbé ẹrù, ó lè ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n rán.

Ó ní àwọn ní nǹkan mìíràn. Àwọ̀n ni, òwú oníke ni wọ́n fi hun ún, ó fúyẹ́, ó funfun, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ síbi tó là, wọ́n á so ó mọ́ ẹran tó yí i ká. Tó bá yá, ẹran ara á hù gba inú àwọn ihò náà, á di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ tún là.

Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ pọn ọmọ mi. Bí wọ́n bá rán yín ní oṣù Kẹrin, tí ẹ wá pọn ọmọ ní oṣù Kẹsàn-án, ọmọ mi ni yóò tún ikùn yín ya, bí èmi ti ya á. N kò lè fara dà á. Ẹ dúró dè mí díẹ̀, n ó wá àwọ̀n náà rí.

Ọmọ yín,
Ràbíátù.


Òkè-Ògbó,
Ilé-Ifẹ̀.
29 oṣù Kẹta, 1987.

Ràbíátù,

Mo kí ọ. Fún ti èébì, máa jẹ ohun gbígbẹ díẹ̀ kí o tó dìde lórí ibùsùn.

Ìwé rẹ bí mi nínú. Nínú kíláàsì ni mo ti kà á, mo ní kí àwọn ọmọ máa ya àwòrán ohun tó bá wù wọ́n. Ìwọ tí mo kọ́ ní a, b, d ló wá ń kọ́ mi ní ohun tí n ó fi ikùn mi ṣe. Àwọ̀n kẹ̀. Ẹran ara mi ti di ẹja nìyẹn. Bí mo bá kú, tí wọ́n ń wẹ̀ mí, ṣé àwọ̀n òyìnbó ni n ó gbé lọ bá Ẹlẹ́dàá? Mo bi Alfa wa léèrè, mo rò pé yóò gbè mí. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ó ní bí eyín wúrà ni.

Nígbà tí inú mi rọ̀, mo gbé ìwé rẹ lọ bá Dókítà Fáníyì. Jẹ́jẹ́ ni ọmọ náà, kì í sì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òótọ́ ni o sọ, nínú ẹni mẹ́wàá tí òun rán irú rẹ̀ fún, bíi mẹ́rin ló ń padà wá. Níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́ lókè òkun, òun bá wọn fi àwọ̀n sí i, òun mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀n lọ́wọ́ òun. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí mi: “Màmá, bí ẹ bá máa dúró dè é, ẹ má dúró pẹ́. Ẹnu ihò yẹn kéré. Lọ́jọ́ tí ìfun bá há síbẹ̀ tí kò padà wọlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀n tàbí òwú mọ́.”

Ṣé o rí ibi tí o gbé mi kà? Bí mo bá rán an nísinsìnyí, ó lè ya mọ́ mi nígbà tí ọmọ rẹ bá wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá dúró de àwọ̀n, ó lè há kí àwọ̀n tó dé. Lọ́jọ́bọ̀, mo ń kọ̀wé sí ojú pátákó, ni ó bá gún mi débi pé ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọjú sí pátákó títí tó fi rọlẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà rí ojú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Àníkẹ́. N kò fẹ́ kú kí n tó rí ọmọ rẹ. N kò sì fẹ́ wá jókòó sí Leeds bí àlejò kí n máa wo ẹlòmíràn kó máa gbé e.

Mo ti sọ fún dókítà pé kó yọ orúkọ mi kúrò nínú ti Ísítà. Mo gbà sí ọ lẹ́nu. Wá àwọ̀n náà, ṣùgbọ́n má fi falẹ̀ o.

Ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.


Leeds.
25 oṣù Kẹrin, 1987.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ìparí rẹ̀.

Àwọ̀n ti wà lọ́nà. Dókítà àgbà fún mi ní ọ̀kan, ó ní ẹ̀bùn òun sí ìyá mi ni. Mo sunkún lójú rẹ̀, ojú tì mí. Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, ará Modákẹ́kẹ́ tí àwa àti wọn jọ ń gbé àdúgbò kan, ló ń gbé e bọ̀. Àná ni wọ́n wọ bàálù. Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n wá gba ẹrù, ọkọ mi ló fún wọn. Ó kọ orúkọ yín sí i, ó sì kọ agbo ilé bàbá mi lẹ́yìn Ẹnuwá, nítorí ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo mọ̀. Kò fi ìwé kankan sí i. Nígbà tí mo dé tí mo gbọ́, mo pariwo mọ́ ọn títí ó fi jáde nílé.

Ìdí tí mo fi ń sáré kọ èyí nìyí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ẹrù náà. Àpò ọ̀rá kan wà, òmíràn wà nínú rẹ̀, àwọ̀n wá wà nínú ìyẹn. Wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò àìrí tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Dókítà nìkan ni kó já a, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ má ṣí i wò. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Bùsàrí ṣí i. Mo mọ bí ẹrù òkè òkun ṣe máa ń rí tó bá dé agbo ilé wa.

Mo mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo lè ṣáájú ìwé yìí délé. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n ní nǹkan tí wọ́n máa ṣe l’Ékòó fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ yín,
Ràbíátù.


Òkè-Ògbó,
Ilé-Ifẹ̀.
10 oṣù Karùn-ún, 1987.

Ràbíátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí oyún inú rẹ. Jókòó kí o tó ka èyí.

Ẹrù rẹ ti dé, n kò rí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a ṣe ṣíwọ́ nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti agbo ilé pé Ràbíátù fi nǹkan ránṣẹ́. Mo bá gbogbo wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun dé ni. Bàbá Bùsàrí jókòó sórí àga wọn. O kò lè gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni wọ́n, àwọn ló gbé ọ sórí itan lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. O sì mọ̀ pé ohunkóhun tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, iwájú wọn ló ń kọ́kọ́ dé. Àwọn àgbà á ṣí i, wọ́n á ṣàdúà sí i, kí ẹni tó ni ín tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣàdúà sí bàtà tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ṣàdúà sí ẹ̀wù òtútù tí n kò ríbi wọ̀.

Wọ́n ti já a, Àníkẹ́. Àpò òde, àpò inú.

Àwọ̀n náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Kò ju aṣọ ìnujú lọ. Ìyàwó àgbà ní ìborùn ọmọ tuntun ni, wọ́n gbé e lé orí wò. Ẹlòmíràn ní asẹ́ ni. Bàbá Bùsàrí ní, “Ohun yòówù kó jẹ́, inú ààwẹ̀ la wà yìí, àdúà ń gbà. Ẹ nawọ́ sí i.” Ni gbogbo wọn bá nawọ́. Wọ́n ka Fátíhà. Alfa fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú itọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ ẹ, àwọn yòókù náà sì fẹ́ tiwọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ kígbe. Ṣùgbọ́n kí ni n ó wí? Ọlọ́run ni wọ́n ń bẹ kó sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kó sì fún mi ní ìlera kí n lè rí ọmọ rẹ. Mo ṣe àmín.

Mo gbé e lọ fún Dókítà Fáníyì lánàá. Kò bínú. Ó ní ọ̀nà méjì ló kù. Òun lè fi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se irin iṣẹ́ abẹ, kí òun wá tẹ́ ẹ sí mi nínú. Ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bóyá òwú irú èyí lè fara da ooru ẹ̀rọ náà, bí kòkòrò kan bá sì ṣẹ́kù sí i, ikùn mi á kún fún ọyún. Tàbí kí òun gbàgbé àwọ̀n, kí òun rán an. Ó ní kí n bi ẹni tó fún ọ, òun á dúró de èsì títí di àárín oṣù Kẹfà.

Kí ni kí n ṣe? Ìwọ lo yọ rírán kúrò lọ́kàn mi, n kò sì lè dá a padà síbẹ̀ mọ́. Àwọ̀n tí o fi rọ́pò rẹ̀ nìyí, itọ́ ará ilé ló wà lára rẹ̀. Ó ń gún mi lójoojúmọ́ báyìí. Dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.

Ọjọ́ 13. N kò tíì fi èyí ránṣẹ́ nígbà tí ìwé rẹ dé, èyí tí o ní kí Bàbá Bùsàrí má ṣí i. Inú ń bí mi, mo gbé e lọ, mo sì kà á sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.


Leeds.
24 oṣù Karùn-ún, 1987.

Màámi,

Ẹ má fi sí i. Mo fi oyún inú mi bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sí i.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n yọ irú àwọ̀n yẹn jáde lára ọkùnrin kan ní wọ́ọ̀dù wa. Kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Èmi ni mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rùn. Wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni wọ́n ń fà á jáde, díẹ̀díẹ̀, títí di òní kò tíì lè dìde. Níbi tí omi wà, tí iná wà, tí oògùn pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin ń kọ́?

Ẹ sọ fún Bàbá Bùsàrí pé bí ohunkóhun bá ṣe ìyá mi, itọ́ wọn ló pa á. Mo kọ ọ́ tán, ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò ní pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí Dókítà Fáníyì rán an, kó rán an kíákíá. Bí ẹ kò bá lè pọn ọmọ mi, ẹ wá jókòó kí ẹ máa wò ó. Wọ́n ti sọ fún mi níbí pé ìbàdí mi kéré, ó ṣeé ṣe kí wọ́n là mí bí wọ́n ti là yín. Ẹ̀rù ń bà mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ìyá mi ni mo fẹ́. N kò bèèrè kó gbé nǹkan kan.

Ràbíátù yín.


Leeds.
27 oṣù Karùn-ún, 1987.

Màámi,

Ẹ da ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ Àìkú nù. Ẹ má ṣe ohun tí mo wí níbẹ̀.

Dókítà àgbà kò sí níbí nígbà tí ìwé yín dé, òní ló wọlé. Mo sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òwú yẹn lè fara da ẹ̀rọ náà dáadáa. Kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi tó mọ́, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì sè é bí wọ́n ṣe ń se aṣọ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní àwọn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sí kòkòrò tó lè yè é. Àwọ̀n ti ọkùnrin tí mo sọ yẹn, ọgbẹ́ rẹ̀ ló ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi ni n kò mọ̀, tí mo ń fi ohun tí n kò mọ̀ dẹ́rù bà yín.

Ẹ jẹ́ kó fi àwọ̀n sí i. Ẹ jẹ́ kó tètè fi sí i, kó tó há.

Mo lọ jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti àárọ̀ títí wọ́n fi tì í, wọn kò rí Ifẹ̀ bá mi pè lórí fóònù. Mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí àpótí Bàbá Bùsàrí, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí tiwọn, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ti ilé ẹ̀kọ́ yín. Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i, ẹ ṣí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣí i, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe Màámi lójú ẹsẹ̀.

Ràbíátù.


Leeds.
28 oṣù Kẹfà, 1987.

Màámi mi,

N kò gbọ́ nǹkan kan. Èwo ló kọ́kọ́ dé nínú ìwé méjèèjì?

Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń padà, mo ń wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà níbi tí ìwé máa ń bọ́ sí. Ọkọ mi ní kí n jẹun. Ọmọ ń yí nínú mi báyìí, bó bá ti yí, ikùn yín ni mo ń rò. Èmi ni mo ní kí ẹ má rán an ní Ísítà. Bí ẹ bá ti rán an nígbà náà, ẹ ì bá ti dìde, ẹ ì bá ti máa ra aṣọ òtútù.

Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ̀wé kí ẹ bú mi. Bí ẹ kò bá lè kọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Kí Bàbá Bùsàrí kọ ọ́. N ó kà á, ohun yòówù kó wà níbẹ̀.

Ọmọ yín.


Òkè-Ògbó,
Ilé-Ifẹ̀.
4 oṣù Keje, 1987.

Ràbíátù Àníkẹ́ mi,

Mo wà láàyè. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ kí n tó kí ọ, nítorí mo mọ̀ pé o kò ní lè ka ìkíni. Òní ni mo tó lè jókòó pẹ́ láti di kálámù mú.

Ìwé ọjọ́ Àìkú rẹ ló kọ́kọ́ dé, nílé ẹ̀kọ́. Mo ṣe bí o ti wí. Mo sọ fún Dókítà Fáníyì pé kó rán an, ó sì fi mí sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́rú kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, mo wà níwájú kíláàsì, ó yọ, ó gún mi, n kò lè dúró mọ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, kò padà wọlé. Ó le bí òkúta. Fúnlọ́lá, tíṣà kíláàsì kejì, fi mọ́tò ọkọ rẹ̀ gbé mi, mo ń bì lọ lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀já ikùn mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀já ọmọ mi ni, èmi fúnra mi ni mo tú u.

Ìfun tó há yẹn ti kú, ó tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ó ti dúdú. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n so ìyókù pọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rán ikùn mi pẹ̀lú òwú. Dókítà sọ fún mi nígbà tí mo jí pé ibi tí ìfun bá ti kú, kòkòrò ti gba gbogbo ibẹ̀, òun kò ní fi àwọ̀n síbẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí.

Nígbà tí wọ́n gbà kí ènìyàn wọlé wò mí, Bàbá Bùsàrí wá. Wọ́n fa ìwé rẹ kejì yọ láti inú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Ọjọ́ ìṣẹ́gun ló dé ọwọ́ wọn, ọjọ́ kan kí ikùn mi tó há. Wọn kò ṣí i. Wọ́n ní, “Ìyá Ràbíátù, láti ọjọ́ yẹn n kì í ṣí ohun ọmọ náà mọ́. Ó ní kí n má ṣí i. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà dọ̀tí, mo ní bí o bá wá lọ́jọ́ Jímọ̀, wàá fọwọ́ ara rẹ ṣí i.”

Mo ṣí i lójú wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i, mo ká ìwé náà pọ̀. Wọ́n ní, “Kí ló wí?” Mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí, nítorí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún wọn lẹ́yìn mi. Àgbàlagbà yẹn fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo ní kí dókítà wá sọ fún wọn fúnra rẹ̀ pé àwọ̀n kì bá tí wúlò lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á gbọ́. Èmi náà, bí mo bá dá wà, mo máa ń rò ó pé bó bá jẹ́ pé mo ka ìwé yẹn lọ́jọ́ ìṣẹ́gun, bóyá ọsibítù ni ǹ bá gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́rú, kì í ṣe kíláàsì. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí, n kò ní kọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ itọ́ tí o kọ, n kò kà á sí wọn létí rárá. Mo ti fi ìwé yẹn dáná.

Má dá ara rẹ lẹ́bi fún ti Ísítà. Bí wọ́n bá rán an nígbà náà, mo mọ ara mi, n ó pọn ọmọ náà láàárọ̀, n ó pọ̀n ọ́n lálẹ́, á sì ya. Dókítà ti se àwọ̀n náà nínú ẹ̀rọ, kò yọ́, kò súnkì. Ó ti fi pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní bí èyí bá tún là lọ́jọ́ iwájú, òun á fi sí i.

N kò ní lè wá, Àníkẹ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó ju kẹ́tùlù lọ títí ọdún yìí fi máa parí, bàálù pàápàá, dókítà ní kí n má tíì rò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ń wí i. Àgbà yóò wà ní Òkè-Ògbó, ọmọ tuntun yóò wà ní Leeds. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ju ojú abẹ lọ. Bí wọ́n bá là ọ́, jẹ́ kí ọkọ rẹ máa gbé ọmọ fún ọ títí inú rẹ fi máa jinná. Má ṣe agídí bíi tèmi.

Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo ń padà sí Leeds lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fi ọ̀já náà rán wọn sí ọ. Fúnlọ́lá bá mi fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ. Lẹ́yìn náà mo ní kó fi mọ́tò gbé mi lọ sí agbo ilé. Mo gbé ọ̀já lé Bàbá Bùsàrí lọ́wọ́. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kan ohun ọmọ yẹn mọ́ láéláé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn yòókù. Ẹ fẹ́ àdúà sí i fún wa.” Wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n jókòó yí i ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ka Fátíhà, gbogbo wọn fẹ́ ẹ pẹ̀lú itọ́ wọn, Bàbá Bùsàrí ló ṣe ìkẹyìn. Mo ṣe àmín, mo sì fi ọwọ́ ara mi ká a.

Bí ọmọ bá dé, tí o sì lágbára, òun ni kí o fi pọ̀n ọ́n.

Má fọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù Àtọ́kẹ́.